Fíìmù Àtijọ́ Kì í Ṣe Ohun À ń Jù Nù

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbà pé fíìmù Shaihu Umar, tí Adamu Halilu ṣe ní èdè Hausa ní ọdún 1976, ti sọnù, kí a tó rí i ní ilé àkójọ fíìmù ìjọba àpapọ̀ ní Jos. Àwọn onímọ̀ fi ẹ̀rọ ya àwòrán rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan sórí kọ̀ǹpútà, wọ́n tún un ṣe, a sì wò ó ní Berlin ní 2018.

Ooru àti ọ̀rinrin ní í ba fíìmù jẹ́. Bí ó bá ń rùn bí ọtí kíkan, ó ti ń jẹrà nìyẹn; ẹ yà á sọ́tọ̀, nítorí a máa ran àwọn yòókù. Ẹ̀yin ará Ìpògún, Àkúrẹ́ àti Oǹdó tí fíìmù ìwúyè tàbí ti ìsìnkú àwọn bàbá yín wà lókè àjà, lábẹ́ páànù gbígbóná, ẹ tètè sọ̀ ọ́ kalẹ̀.