Kiréènì Olópòó àti Ààbò Níbi Ìkọ́lé Alájà Púpọ̀: Àyẹ̀wò Ìṣubú Méjì ní Amẹ́ríkà

1. Ìfáárà

Níbi tí wọ́n bá ti ń kọ́ ilé alájà púpọ̀, kiréènì olópòó ni ó ń gbé irin, pákó àti kọnkéré dé ibi tí àkàbà kò lè dé. Èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé ìgbà tí ó bá gbé ẹrù wúwo dání nìkan ni ó léwu. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ìgbà tí wọ́n bá ń gbé kiréènì fúnra rẹ̀ ga sí i, tàbí tí wọ́n bá ń tú u palẹ̀, ni ó gba ìṣọ́ra jù lọ, nítorí pé ohun tí ó mú un dúró gan-an ni ọwọ́ ènìyàn wà lára rẹ̀ ní àkókò náà.

2. Bí kiréènì ṣe ń ṣiṣẹ́

Ibi pẹlẹbẹ ni a ti ń mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ. Òpó irin tí ó dúró lórí ìpìlẹ̀ kọnkéré ni kiréènì yìí. Apá gígùn kan nà síwájú láti gbé ẹrù. Apá kúkurú nà sẹ́yìn, ó sì ru ẹrù kọnkéré tí ó ń mú ìwọ̀n dọ́gba. Kì í ṣe ìwúwo ẹrù nìkan ni ó lè dojú kiréènì dé. Bí ẹrù ṣe jìnnà sí òpó tó wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìwúwo ni wọ́n ń fi jíjìnnà sọ di púpọ̀. Ẹrù tọ́ọ̀nù 12 tí ó wà ní mítà 15 sí òpó, àti ẹrù tọ́ọ̀nù 3 tí ó wà ní mítà 60, ọgbọọgba ni agbára tí wọ́n fi ń fà á.

Okùn ìgbérù náà ní ìṣirò tirẹ̀. Bí okùn 2 bá gbé ẹrù tọ́ọ̀nù 2 ní òòró gangan, tọ́ọ̀nù 1 ni ó kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ya okùn náà títí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi wà ní dígírì 30 sí ìbú, tọ́ọ̀nù 2 gbáko ni okùn kọ̀ọ̀kan yóò máa fà. Ẹrù kò yí padà. Ìdúró okùn ni ó yí padà. Bí okùn náà bá tún gba orí etí irin mímú kọjá, agbára rẹ̀ yóò dín kù sí i.

3. Ìgbéga: New York, 2008

Bí ilé bá ti ń ga ni kiréènì gbọ́dọ̀ máa ga. Ọ̀já irin ni wọ́n fi ń so òpó rẹ̀ mọ́ ara ilé. Bí igbà ti rí fún adẹ́mu lórí ọ̀pẹ ni ọ̀já yìí rí fún kiréènì. Ìgbà tí adẹ́mu bá sì ń sún igbà sókè ni ó ń ṣọ́ra jù.

Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹta ọdún 2008, àwọn òṣìṣẹ́ ń so irú ọ̀já bẹ́ẹ̀, tí ó wúwo tó nǹkan bí tọ́ọ̀nù 5, mọ́ àjà kejìdínlógún ilé kan ní East 51st Street ní Manhattan. Okùn ìgbérù 4 tí wọ́n fi polyester hun ni wọ́n fi fi í kọ́. Okùn náà já. Ọ̀já náà ré bọ́ lára òpó, ó sì já lu ọ̀já tí ó wà ní àjà kẹsàn-án, ó ṣí ìyẹn náà kúrò. Kiréènì kò ní ohun tí yóò fara tì mọ́. Ó wó kọjá títì, ó sì fọ́ ilé mìíràn. Ènìyàn 7 ni ó kú, 6 lára wọn jẹ́ òṣìṣẹ́. Ẹnì keje jẹ́ àlejò tí ó wà nínú ilé tí kiréènì wó lé. Ìwádìí fi hàn pé ọ̀kan nínú okùn náà ti gbó tẹ́lẹ̀, àti pé wọn kò fi nǹkan kan bo etí irin tí okùn gbà kọjá. Ẹrù tí ó pọ̀ jù lórí ìkọ́ kọ́ ni ó fa ìṣubú yìí.

4. Ìtúpalẹ̀: Seattle, 2019

Ní ọdún 2010, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ṣe òfin tuntun lórí kiréènì. Òfin náà ní kí wọ́n dáàbò bo irú okùn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ etí mímú, kí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà dunjú sì máa darí títò àti títú kiréènì.

Síbẹ̀, ní ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ọdún 2019, kiréènì kan wó ní Seattle nígbà tí wọ́n ń tú u. Ìlànà ẹni tí ó ṣe ẹ̀rọ náà ni pé kí wọ́n yọ àwọn píìnì tí ó so òpó pọ̀ díẹ̀díẹ̀, bí wọ́n bá ti ń sọ apá kọ̀ọ̀kan kalẹ̀. Ìwádìí ìjọba ìpínlẹ̀ Washington fi hàn pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ti yọ ṣáájú àkókò. Afẹ́fẹ́ òjijì kan fẹ́, òpó sì dà wó. Ènìyàn 4 ni ó kú: òṣìṣẹ́ 2 lórí kiréènì, àti ènìyàn 2 nínú ọkọ̀ lójú títì.

5. Ìgúnlẹ̀

Ìṣẹ̀lẹ̀ méjèèjì fi hàn pé òfin dára, ṣùgbọ́n kò tó. Okùn tí ó ti gbó gbọ́dọ̀ kúrò níbi iṣẹ́ kí ẹnikẹ́ni má baà tún mú un lò. Ẹni tí ó ń darí ìgbéga tàbí ìtúpalẹ̀ gbọ́dọ̀ ní àṣẹ láti dá iṣẹ́ dúró, bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ tàbí bí ẹnìkan bá fẹ́ yọ píìnì kí àkókò tó tó. Lékè gbogbo rẹ̀, ó yẹ kí wọ́n ti títì tí ó wà nísàlẹ̀ pa ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Òṣìṣẹ́ mọ ibi tí òun gùn. Ẹni tí ó jókòó sínú ilé rẹ̀, tàbí tí ó ń wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ, kò mọ ohun tí wọ́n ń tú lókè orí rẹ̀.