Ìṣápá, Ẹlẹ́wù Àlàárì

Ìgbà tí òjò bá ń palẹ̀ mọ́, tí ọjọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí kúrú, ni ìṣápá máa ń tanná. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ rí ẹwà òdòdó rẹ̀ gbọ́dọ̀ jí dé oko kí oòrùn tó mú, nítorí pé èyí tí ó là ní òwúrọ̀ kì í bá wa dọ́la. Àwọ̀ ìyeyè tí kò dán púpọ̀ ni ewé òdòdó náà máa ń ní, ọ̀fun rẹ̀ a sì pọ́n bí osùn tuntun. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ó ti rọ, ó ti já bọ́. Aláìmòye lè wí pé àríyá ti tán, bẹ́ẹ̀ ìgbà náà gan-an ni onílù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fa awọ le, nítorí pé ìtẹ́ tí ó gbé òdòdó náà ró ni yóò wá bẹ̀rẹ̀ sí wú, tí yóò nípọn, tí yóò pọ́n, tí yóò sì pa mọ́ èso kékeré inú rẹ̀ bí ìyá tí ó fi ìborùn bo ọmọ lórí. Ìtẹ́ yìí ni a ń sá gbẹ, tí a ń tà lọ́jà, tí a sì ń pè ní òdòdó. Ìṣápá, ẹlẹ́wù àlàárì, ọmọ ìyá ilá, ìbátan òwú, a-bọ́-gèlè-nù-kí-ẹwà-tó-dé!

Ìṣápá funfun ni tiwa tí a ń fi ẹ̀gúsí sè, tí iyán kì í sì í kọ̀ ọ́. Pupa ni àwọn ará Òkè Ọya ń gbìn lọ́pọ̀ ní agbègbè Kano àti Jigawa, tí a sì kọ́ mímu omi rẹ̀, sóbò, lọ́dọ̀ wọn. Bissap ni wọ́n ń pè é ní Sẹ̀nẹ̀gà, karkade ni ní Íjíbítì, àwọn ará Mẹ́síkò sì sọ ọ́ ní Jamaica.

Ní ọjọ́ kan, mo da sóbò tí kò ní ṣúgà sínú abọ́ funfun, mo sì kán omi kán-ún sí i. Lójú mi báyìí ni pupa náà pòórá: ó ṣú bí aró, etí abọ́ sì ń ṣe bí àwọ̀ ewé. Mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ó hó ṣìì, pupa sì padà wálé. Èròjà tí ń paradà bí ọ̀gà yìí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní àǹtósáyánìn, wọ́n sì kà á mọ́ àwọn adènà-ìpẹtà. Bí iṣu tí a bẹ tí a kò tètè fi sómi ṣe ń dúdú, bí irin ṣe ń dógùn-ún, bẹ́ẹ̀ ni ọ́síjìn ń ṣe ìbàjẹ́ tirẹ̀ nínú àgọ́ ara ènìyàn. Àwọn adènà wọ̀nyí a sì máa fi ara wọn jìn, kí ohun tí ó ṣe pàtàkì jù wọ́n lọ má baà bàjẹ́.

Ṣùgbọ́n ọrọ̀ náà kò sí ní gbangba. Inú yàrá wẹ́wẹ́ tí ojú lásán kò lè rí ni ìṣápá tì í mọ́, ògiri yàrá náà sì yi. Iná ni àwọn ìyá wa fi ń ṣí i. Iná a sì máa ṣílẹ̀kùn lóòótọ́, àmọ́ a máa jó ẹrù inú ilé pẹ̀lú, nítorí pé bí sóbò bá ti ń pẹ́ lórí iná ni pupa rẹ̀ ń ṣí, tí ó ń di àwọ̀ ilẹ̀. Bí a bá sì ní omi tútù ni a ó fi rẹ ẹ́, a ó dúró di ọjọ́ kejì. Ọ̀nà kan kò sáà wọ ọjà.

Etí ènìyàn kì í gbọ́ ìró tí ó bá ń gbọ̀n ju ìgbà 20,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Òòbẹ̀ inú àjà ń ké irú rẹ̀ lóru, a kò gbọ́. Àwọn aboyún ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pàdé nílé ìwòsàn, èyí tí ń gbọ̀n ní ọ̀nà àràádọ́ta ọ̀kẹ́, tí a fi ń wo ọmọ inú. Irú ìró tí etí kò gbọ́ yìí ni àwọn olùwádìí ń fi ọ̀pá irin rán sínú omi tí a rẹ ìṣápá sí. Bí ó bá ti fa omi sẹ́yìn, ihò wẹ́wẹ́ yóò là nínú omi náà; bí ó bá ti tì í padà, ihò yóò wó wómúwómú. Onímọ̀ físíìsì Lord Rayleigh ti ṣírò bí irú ihò bẹ́ẹ̀ ṣe ń wó láti ọdún 1917. Ooru inú ihò náà nígbà tí ó bá ń wó lè tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwọ̀n, síbẹ̀ omi inú ìkòkò lè má ju lílọ́wọ́ọ́wọ́ lọ! Èyí tí ó bá wó létí ìṣápá a máa ta omi bí ọfà mọ́ ògiri yàrá náà, ògiri a lu, pupa a sì máa ṣàn jáde láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan.

Àṣejù sì ni baba àṣetẹ́. Bí ìró bá pẹ́ jù, omi fúnra rẹ̀ yóò fọ́, yóò bí àwọn ọmọ oníjàgídíjàgan tí yóò kọjú ìjà sí pupa tí a ń wá gan-an. Bí a bá fi ọtí líle là á, ọtí náà ní ìwọ̀n. Omi ní ìwọ̀n, ooru ní ìwọ̀n. Wàhálà rẹ̀ ni pé ẹni tí ó bá ń yí wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan lè ṣìnà, nítorí ìṣẹ́jú tí ó dára fún omi tútù lè burú fún omi gbígbóná. Àwọn onímọ̀ George Box àti K. B. Wilson ló fi ọ̀nà ìṣírò kan hàn ní ọdún 1951, bí ẹni ń kọ́ arìnrìn-àjò láti wá góńgó òkè nínú kùrukùru. Nígbà tí ó sì di 1960, Box àti Donald Behnken gé e kúrú, tó bẹ́ẹ̀ tí ìdánwò 15 fi lè tó fún ohun mẹ́ta tí a fẹ́ wọ̀n pọ̀. Nínú ìdánwò kọ̀ọ̀kan, wọn a kán omi ìṣápá sínú oògùn kan tí a ń pè ní DPPH, tí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ ti èsè àlùkò. Bí adènà-ìpẹtà bá ṣe lágbára tó ni èsè àlùkò náà yóò ṣe máa di ìyeyè.

Èmi kò jẹ́ gbà pé ohun tí ó borí nínú ìgò ti borí nínú ẹ̀jẹ̀. Ohun tí mo gbà ni ti àwọn olùwádìí Yunifásítì Tufts ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n fún àwọn kan nínú ènìyàn 65 tí ẹ̀jẹ̀ wọn ga díẹ̀ ní omi ìṣápá, ife mẹ́ta lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tí wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2010: ìfúnpá òkè wọn fi 7.2 mmHg sọ̀ kalẹ̀, ti àwọn tí ó mu ayédèrú sì fi 1.3 péré sọ̀ kalẹ̀. Ife wọn kò ní ṣúgà o, ẹ̀yin onísóbò aládùn.

Nígbà tí ìró bá dákẹ́, tí wọ́n sì sẹ́ omi pupa náà kúrò, ìtẹ́ òdòdó tí ó kù nísàlẹ̀ asẹ́ a máa ṣí ràkọ̀ràkọ̀, bí aṣọ tí wọ́n ti fọ̀ fún ọdún pípẹ́. Bí a bá gbé e fún ìyá kan ní Èkìtì lójú alẹ́, ó lè bèèrè ẹ̀gúsí.