Owó Ilé-Ìwé àti Ọmọ Àgbẹ̀

Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ilé-ìwé ti wà ní ilẹ̀ Yorùbá kí ó tó di ti gbogbo ọmọ. Ní ọdún 1843 ni àwọn ará Mẹ́tọ́díìsì bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn ọmọdé ní Àgbádárìgì. Ní 1859 ìjọ C.M.S. ṣí ilé-ìwé gírámà ní Èkó, T. B. Macaulay sì ni olórí rẹ̀ àkọ́kọ́. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ nítòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ni a ti ń gba owó.

Owó náà lè dàbí ohun kékeré lójú akọ̀wé tí ń gba owó oṣù. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún àgbẹ̀ tí ń dúró de ìgbà tí kòkó yóò gbẹ. Ẹni tí ó bí ọmọ márùn-ún ní láti yan: a rán ẹyọ kan lọ sí ilé-ìwé, àwọn mẹ́rin yòókù a sì wà ní oko. Ọkùnrin ni ó sábà máa ń lọ. Ọmọbìnrin ni a máa ń fi sílẹ̀, nítorí wọ́n ní ilé ọkọ ni yóò gbé ìwé náà lọ. Ìdí mìíràn tún wà fún àwọn Mùsùlùmí: ti ìjọ Kristi ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ilé-ìwé, wọ́n sì ń bẹ̀rù pé ọmọ wọn lè yí ẹ̀sìn padà níbẹ̀. Ẹgbẹ́ Ansar-ud-Deen, tí a dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1923, kọ́ ilé-ìwé tirẹ̀ nítorí èyí.

Ní oṣù Keje ọdún 1952, Stephen Oluwole Awokoya, Mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, gbé ìmọ̀ràn kan síwájú Ilé Ìgbìmọ̀ ní Ìbàdàn, pé láti ọdún 1955 kí ọmọ kankan má ṣe san owó mọ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò san owó olùkọ́, ta ni yóò sì ra páànù? Ìjọba Action Group, tí Obafemi Awolowo jẹ́ olórí rẹ̀, bu ṣílè mẹ́wàá àti sísì lé olúkúlùkù tí ń san owó orí.

Àwọn àgbẹ̀ kùn, kò sì yẹ kí a dá wọn lẹ́bi jù. Ẹni tí kò bímọ bèèrè ìdí tí òun yóò fi sanwó fún ọmọ ẹlòmíràn. Ẹni tí ó bímọ mọ̀ pé bí gbogbo wọn bá lọ tán, kò sí ẹni tí yóò lé ẹyẹ ní oko ìrẹsì, tàbí tí yóò bá òun fọ́ kòkó. Nígbà tí a dìbò ti gbogbo Nàìjíríà ní ìparí ọdún 1954, ẹgbẹ́ N.C.N.C. borí Action Group ní ilẹ̀ tí Action Group fúnra rẹ̀ ń ṣàkóso. Owó yìí sì wà lára ohun tí ó fà á. Síbẹ̀ ìjọba kò yí padà. Kòkó níye lórí gidigidi ní ọdún náà, ìjọba sì rí owó nínú rẹ̀. Nítorí náà, bí a bá wò ó láti ọ̀nà méjèèjì, ọwọ́ àgbẹ̀ ni owó náà ti jáde.

Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1955, ètò náà bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni a ń gbà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ òbí kò ní ìwé-ìbí. Olùkọ́ a ní kí ọmọ gbé ọwọ́ ọ̀tún kọjá lórí àtàrí, kí ó fi kan etí òsì. Bí ìka bá kan etí, a kọ orúkọ rẹ̀. Bí kò bá kàn án, ó di ọdún tí ń bọ̀. Àwọn kan tẹ orí, wọ́n na apá títí, wọ́n sì sunkún padà sílé.

Ní 1954 iye àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn jẹ́ 456,600. Ní 1955 wọ́n di 811,432. Àwọn olùkọ́ tí ó kọ́ṣẹ́ kò tó, a sì kó àwọn tí kò tíì kọ́ iṣẹ́ náà wọ kíláàsì. Nítorí náà ni àwọn ènìyàn fi ń sọ pé àwọn ọmọ ọ̀fẹ́ kò mọ̀wé tó àwọn ti ìgbà owó sísan. Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú ẹ̀sùn náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń fi wọ́n wé ọmọ kan ṣoṣo tí a yàn nínú márùn-ún ti gbàgbé àwọn mẹ́rin tí ó wà ní oko. Ìlà-Oòrùn náà dáwọ́ lé irú ètò yìí ní 1957, ṣùgbọ́n owó kò tó, a sì dá owó sísan padà fún àwọn kíláàsì kan ní 1958. Àwọn obìnrin tú jáde láti kọ̀ ọ́.

A ti gé ọdún mẹ́jọ tí a ń lò tẹ́lẹ̀ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sí mẹ́fà, nítorí náà àwọn tí ọwọ́ wọn kan etí ní 1955 parí ní òpin ọdún 1960, ọdún tí Nàìjíríà gba òmìnira. Owó ṣì wà ní ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé gírámà. Baba tún jókòó, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí yan nínú àwọn ọmọ rẹ̀. Ó sì di 1979 kí a tó mú owó náà kúrò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Ògùn, Oǹdó àti Èkó.