Ìdí Tí Ìfẹ́ Òkè Kilimanjaro Kò Fi Kúrò Lọ́kàn Àwọn Ọmọ Chagga

Nígbà tí ọdún Kérésìmesì bá ń súnmọ́ etílé lọ́dọọdún, àwọn ọkọ̀ èrò tí ń ti Dar es Salaam lọ sí Moshi, ní apá àríwá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Tàǹsáníà, a máa kún fọ́fọ́, nítorí pé àwọn ọmọ Chagga, tí òwò àti iṣẹ́ oṣù ti fọ́n káàkiri orílẹ̀-èdè náà, ń darí sílé lọ jẹun ọdún lẹ́bàá òkè Kilimanjaro tí a gbé bí wọn. Kò sí òfin ọba kan tó pa á láṣẹ fún wọn. Ẹni tó ti kọ́lé sí ìlú ńlá, tó ti bímọ síbẹ̀, tí àwọn ọmọ náà sì gbọ́ èdè Swahili ju èdè baba wọn lọ, kò jẹ́ jẹ́ kí ọdún yípo láìfojú kan òkè náà. Òótọ́ ni pé ilé làbọ̀ sinmi oko, ṣùgbọ́n ilé pọ̀ láyé tí àwọn ọmọ ibẹ̀ kì í fẹ́ padà sí, nítorí náà ni ó fi yẹ kí a wádìí ohun tó so àwọn ènìyàn wọ̀nyí mọ́ òkè wọn tó bẹ́ẹ̀.

Àlejò yóò tètè dáhùn pé ẹwà ni, kò sì purọ́. Kilimanjaro ni òkè tó ga jù lọ ní gbogbo Áfíríkà, gíga rẹ̀ láti ìtẹ́jú òkun sì jẹ́ mítà 5,895. Iná abẹ́ ilẹ̀ ló tú u jáde ní ayé àtijọ́, orí mẹ́ta ni ó sì ní: Shira, tí ó ti wó palẹ̀, Mawenzi, tí ó rí ṣóṣóró, àti Kibo, tó ga jù nínú wọn, tí yìnyín funfun dé lórí bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò jìnnà sí ìlà agbede-méjì ayé, níbi tí oòrùn ti ń mú jù. Nígbà tí Johannes Rebmann, oníwàásù ará Jámánì, rí yìnyín yìí ní ọdún 1848 tí ó sì ròyìn rẹ̀, àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní Lọ́ńdọ̀nù kọ̀ jálẹ̀ pé irọ́ ni, àfi ìgbà tí àwọn mìíràn lọ tí wọ́n sì fojú ara wọn rí i. Síbẹ̀síbẹ̀, ẹwà nìkan kì í mú ènìyàn jókòó síbì kan láti ìran dé ìran. Arìnrìn-àjò a wo ẹwà, a yìn ín, a sì bá tirẹ̀ lọ. Ohun tó ń mú onílé dúró jinlẹ̀ ju èyí lọ.

Ohun tí òkè ń ṣe sí afẹ́fẹ́ àti òjò

Bí atẹ́gùn bá ti ń gòkè ni ó ń fẹ̀ sí i, bí ó sì ti ń fẹ̀ ni ó ń tutù, tó fi jẹ́ pé ní ẹgbẹ̀rún mítà kọ̀ọ̀kan tí ènìyàn bá gùn, ooru a dín kù ní nǹkan bí ìwọ̀n mẹ́fà lórí òṣùwọ̀n Celsius. Láàárín nǹkan bí mítà 1,000 sí 1,800 ni púpọ̀ nínú àwọn Chagga tẹ̀dó sí, níbi tí ọ̀sán kì í ti í jóni, tí òru sì ń béèrè aṣọ ìbora. Ìtura yìí ju ti ara lásán lọ, nítorí pé kòkòrò ibà tó burú jù lọ kì í lè dàgbà tán nínú ẹ̀fọn níbi tí ooru kò bá tó ìwọ̀n 18. Ìdí nìyí tí àwọn baba ńlá wọn, tí kò mọ ohunkóhun nípa kòkòrò, fi ka pẹ̀tẹ́lẹ̀ ìsàlẹ̀ sí ilẹ̀ àìsàn, tí wọ́n sì ń sọ̀ kalẹ̀ lọ dáko níbẹ̀ ṣùgbọ́n tí wọn kì í fẹ́ sùn síbẹ̀.

Òkè náà a tún máa pe òjò. Atẹ́gùn tó gbé ọ̀rinrin wá láti orí Òkun Íńdíà a kọ lu ẹ̀gbẹ́ gúúsù rẹ̀, a gòkè, a tutù, a sì di òjò, èyí tó ju mílímítà 2,000 lọ lọ́dún nínú igbó kìjikìji tó wà lókè àwọn abúlé, nígbà tí ti Moshi ní ìsàlẹ̀ kò tó ìdajì rẹ̀. Eérú tí iná ayé àtijọ́ tú sílẹ̀ ti jẹrà di ilẹ̀ ọlọ́ràá, tó fi jẹ́ pé ibi tí omi kò wọ́n, tí ilẹ̀ sanra, tí àrùn kò sì pọ̀ ni àwọn ènìyàn yìí bá ara wọn.

Oko tó yí ilé ká

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ dídára láìsí ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n tọ́jú kì í pẹ́ ṣá. Kihamba ni àwọn Chagga ń pe oko tó yí ilé wọn ká, wọ́n sì tò ó bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì: igi ńláńlá ló wà lókè pátápátá tó ń ṣíji bo ìyókù, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tẹ̀lé e, kọfí wà lábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀, kókò àti ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ sì bo ilẹ̀ mọ́lẹ̀. Màlúù àti ewúrẹ́ kì í jẹ̀ káàkiri. Nínú ọgbà ni wọ́n ń gbé ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti koríko tí àwọn obìnrin rù gòkè láti ìsàlẹ̀ bá wọn, ìgbẹ́ wọn a sì padà sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Bí ilẹ̀ ti ń fúnni lóúnjẹ náà ni a ń bọ́ ọ padà, ìyẹn ni ó fi ń gba èrò púpọ̀ lórí ilẹ̀ tóóró láìṣá. Ní ọdún 2011, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ fún Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ka irú oko yìí ní Shimbwe Juu mọ́ ogún iyebíye fún gbogbo ayé. Lára ọ̀gẹ̀dẹ̀ yìí náà ni wọ́n ti ń pọn mbege, ọtí tí wọ́n ń fi ọkà wẹ́wẹ́ kan lú, tí ìgbéyàwó, ìlàjà àti ìsìnkú kò pé láìsí i.

Omi tí a là lọ́nà

Odò ibẹ̀ ń ṣàn nínú àfonífojì jíjìn, nígbà tí ilé wà lórí gegele, nítorí náà ni àwọn baba ńlá ṣe gòkè lọ sí ìpẹ̀kun igbó, tí wọ́n dí odò níbẹ̀, tí wọ́n sì la yàrà omi gbọọrọ gba ẹ̀gbẹ́ òkè títí omi fi dé ẹnu ọ̀nà onílé, kí òyìnbó kankan tó fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀. Ẹnì kan kò lè dá yàrà bẹ́ẹ̀ gbẹ́, kò sì lè dá a tọ́jú; àwọn tó ń lò ó ní ìgbìmọ̀, olúkúlùkù mọ ọjọ́ tí omi kàn án, ẹni tí kò bá sì yọjú ní ọjọ́ àtúnṣe a san owó ìtanràn. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà: àwọn aládùúgbò tí omi kan náà so pọ̀ kò lè bá ara wọn jà títí, nítorí ẹni tó wà lókè ni yóò jọ̀wọ́ omi kí ti ìsàlẹ̀ tó rí mu.

Ẹ̀mí àjọṣe yìí náà ni wọ́n mú wọ inú òwò kọfí, èyí tí àwọn oníwàásù ìjọ Kátólíìkì mú wá ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ní ọdún 1925 àwọn àgbẹ̀ dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, ní ọdún 1933 ó sì di ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù KNCU, tó ń ta kọfí fún gbogbo wọn pọ̀. Owó kọfí rán ọmọ nílé ìwé, ìwé sì ni ó sọ ọ̀pọ̀ nínú wọn di aráàlú ńlá tó ń padà wálé ní ìparí ọdún.

Ibi tí àwọn baba sùn sí

Inú kihamba ni wọ́n ń sin òkú wọn sí, nítorí náà ni ẹni tó bá ta á fi dà bí ẹni tó ta egungun baba rẹ̀. Igi masale ni wọ́n ń gbìn sí ojú oórì àti sí ààlà ilẹ̀, ẹni tó bá sì ṣẹ ẹnìkejì rẹ̀ a mú ewé rẹ̀ lọ́wọ́ lọ tọrọ àforíjì, àbùkù ńlá sì ni fún ẹni tó bá kọ̀ ọ́. Igi ọ̀hún kò ṣàjèjì sí Yorùbá, nítorí pèrègún tiwa gan-an ni, tí àwọn baba wa náà fi ń sàmì sí ààlà àti ojúbọ.

Ewu tó wà níwájú

Ìfẹ́ kì í ṣe àìrí ewu. Nínú àṣà wọn, àkọ́bí ọkùnrin àti àbíkẹ́yìn ọkùnrin ni ogún ilẹ̀ ń tọ́ sí jù, ilẹ̀ tí a sì ti pín láti ìran dé ìran ti kéré débi pé àwọn ọmọ tó wà láàárín gbọ́dọ̀ wá oúnjẹ lọ síbòmíràn. Àwọn onímọ̀ wọn yìnyín orí òkè náà, wọ́n sì rí i pé nǹkan bí ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó wà ní ọdún 1912 ti lọ kí ó tó di ọdún 2007. Èyí ba ni nínú jẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe yìnyín ni ó ń fún àwọn abúlé ní èyí tó pọ̀ jù nínú omi wọn. Igbó ni, tó ń gba òjò àti ìkùukùu, tó sì ń jọ̀wọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún odò. Iná tó ń jó igbó náà láti òkè wá àti àáké tó ń gé e nísàlẹ̀ ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ ba onílé lẹ́rù.

Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ẹni tó bá fẹ́ràn ibi gíga tó rẹwà, ì báà jẹ́ ní Tàǹsáníà tàbí níbikíbi láyé, kò tíì fẹ́ràn rẹ̀ dé ibi tó yẹ bí kò bá mọ ibi tí omi rẹ̀ ti ń wá àti àwọn tó ń tún yàrà rẹ̀ ṣe. Àwọn Chagga mọ méjèèjì. Bí ìjọba àti aráàlú bá fọwọ́ so ọwọ́ pa igbó mọ́, tí àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn odi sì ń dá lára owó ìlú ńlá padà sórí yàrà àti oko, ilẹ̀ yóò ṣì wà fún àrọ́mọdọ́mọ wọn láti jogún, omi yóò sì ṣì máa dé ẹnu ọ̀nà wọn.