ORÚNKÚN TÍ Ó BÀJẸ́, ÀTI BÍ A TI ŃTÚN UN ṢE

Ìrọ̀rùn igi ni ìrọ̀rùn ẹyẹ; bí orúnkún bá ńdun ni, gbogbo ara kò ní ìsinmi.

Ẹ̀nyin ìyá ilé, nígbàtí ẹ bá ńkun adìẹ, ẹ̀nyin a rí ohun funfun kan tí ńdán ní orí egungun itan rẹ̀. Irú rẹ̀ wà nínú orúnkún tiwa pẹ̀lú. Egungun rírọ̀ ni. Òun ni kò jẹ́ kí egungun máa ha egungun nígbàtí a bá ńrìn tàbí tí a bá kúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kì í ṣàn dé inú rẹ̀. Nítorínà bí ó bá ya, agbára káká ni ó fi lè san fún ara rẹ̀. Li ọdún 1743 ni oníṣègùn William Hunter ti sọ ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn ọ̀mọ̀wé ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ní ìlú Gothenburg, ní ilẹ̀ Sweden, ni Lars Peterson, Mats Brittberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú titun kan li ọdún 1987. Nwọ́n a gé díẹ̀ nínú egungun rírọ̀ aláìsàn náà, níbi tí ìwúwo ara kò pọ̀ sí. Nwọ́n a yọ sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀, èyíinì ni àwọn ohun alàyè kékèké tí ojú lásán kò lè rí. Nwọ́n a sì tọ́ wọn ní ilé ìwádìí fún ọjọ́ 14 sí 21 títí nwọn ó fi di púpọ̀, bí àgbẹ̀ ti ńtọ́ irúgbìn kí ó tó gbìn ín sí oko. Lẹ́hìn èyí nwọ́n a la orúnkún, nwọ́n a rán awọ fẹ́lẹ́ tí a bó lára egungun ojúgun bo ojú ọgbẹ́ náà, nwọ́n a sì fi sẹ́ẹ̀lì náà sí abẹ́ rẹ̀.

Li ọdún 1994 nwọ́n ròhìn ènìà 23. Nínú àwọn 16 tí ọgbẹ́ wọn wà ní ìsàlẹ̀ egungun itan, 14 ni ó rí ìtura dáradára. Ṣùgbọ́n nínú àwọn 7 tí tiwọn wà lẹ́hìn egungun pẹlẹbẹ iwájú orúnkún, 2 péré ni. Li ọdún 2016 ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí irú míràn, nínú èyí tí a ńgbé sẹ́ẹ̀lì náà lé orí awọ fẹ́lẹ́ tí a fi ohun ara ẹlẹ́dẹ̀ ṣe.

Kí a má ṣe tan ara wa jẹ: ọgbẹ́ tí ó ní ààlà ni ìtọ́jú yìí wà fún, irú èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ńgbà ní pápá eré; kì í ṣe fún làkúrègbé ọjọ́ ogbó tí ó ti jẹ gbogbo orúnkún. Owó rẹ̀ pọ̀, oṣù púpọ̀ sì ni aláìsàn yíò fi máa ṣọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Nítorínà, ẹ̀nyin òbí, bí orúnkún ọmọ yín bá wú lẹ́hìn ìṣubú, ẹ má ṣe fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ẹ tètè mú un lọ sí ọ̀dọ̀ oníṣègùn.