Iná ọ́ìlì tó ń tàn tó ń kú: Ohun tó yẹ kí onípíkọ́ọ̀pù yẹ̀ wò kó tó ní kí wọ́n tú ẹ́ńjìnnì

Kékeré la ti ń pa ẹkàn ìrókò, bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ iná pupa kékeré tó máa ń tàn ní dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ rí.

Ní Ṣakí àti agbègbè Òkè-Ògùn lápapọ̀, píkọ́ọ̀pù àtijọ́ bíi Peugeot 504 àti Toyota Hilux wà lára ọkọ̀ tó ń kó iṣu, àgbàdo àti gbágùúdá láti oko wá sọ́jà. Bí ẹ́ńjìnnì irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá nọ́ọ̀kì lọ́nà Ìṣẹ́yìn, ẹrù á há sọ́nà, owó gọbọi á sì bọ́ lọ́wọ́ olówó.

Ọ́ìlì ni ẹ̀jẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Pámpù kan ló ń fà á láti inú sọ́ọ̀ǹpù nísàlẹ̀, tó ń tì í gba inú fílítà lọ síbi tí irin ti ń yí lórí irin. Agbára tó fi ń lọ yìí ni wọ́n ń pè ní prẹ́ṣọ̀. Láàárọ̀ tí ọ́ìlì ṣì tutù, tó sì ki, prẹ́ṣọ̀ á ga. Bó bá gbóná, á ṣàn bí omi, prẹ́ṣọ̀ á sì wálẹ̀. Èyí kì í ṣe àìsàn. Ìṣirò tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ń lò ni pé kó tó nǹkan bíi 10 psi fún ìgbà 1,000 tí ẹ́ńjìnnì bá yí ní ìṣẹ́jú kan. Àìsàn ni kí abẹ́rẹ́ géèjì máa fò sókè sódò, tàbí kí iná máa tàn kó máa kú.

Bí iná náà bá tàn lójú ìrìn, kí awakọ̀ má ṣe sọ pé òun á rọra délé. Kó yà sẹ́bàá ọ̀nà, kó pa ẹ́ńjìnnì. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú bíi mélòó kan, kó fa ọ̀pá ìwọ̀n ọ́ìlì yọ níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú. Bí ọ́ìlì bá ti lọ sílẹ̀ jù, tí ọkọ̀ bá ń gun òkè tàbí tó ń yí kọ́nà, ọ́ìlì á ṣàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, pámpù á sì máa fa afẹ́fẹ́. Bí ọ́ìlì bá funfun bíi wàrà, omi ti wọ̀ ọ́. Bó bá ń rùn bíi bẹntiróòlù, epo ti là á.

Bí ọ́ìlì bá pé tó sì dára, ẹ má tíì pe ẹni tí yóò tú ẹ́ńjìnnì. Swíìṣì ọ́ìlì tàbí wáyà rẹ̀ lè máa parọ́. Kí mẹkáníìkì tú swíìṣì náà, kó fi géèjì tó ní rọ́bà tirẹ̀ síbẹ̀, kó wò ó nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù àti nígbà tó gbóná. Bí géèjì yìí bá dúró dáadáa níbi tó yẹ, kò sí ohun tó ṣe ẹ́ńjìnnì. Swíìṣì ni kí wọ́n pààrọ̀, tàbí kí rìwáyà wá tún wáyà ṣe.

Bí géèjì bá wá jẹ́rìí sí i ńkọ́? Kí wọ́n kọ́kọ́ pààrọ̀ ọ́ìlì àti fílítà, kí ọ́ìlì náà sì jẹ́ irú èyí tí ìwé ọkọ̀ sọ. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n sọ sọ́ọ̀ǹpù kalẹ̀, nítorí ìdọ̀tí dúdú lè ti dí asẹ́ pámpù. Fáàfù tó ń dín prẹ́ṣọ̀ kù náà lè há, kí abẹ́rẹ́ sì máa fò. Ṣùgbọ́n bí prẹ́ṣọ̀ bá ń lọ sílẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì gbóná tó sì ń yí jẹ́jẹ́, tí ìró gbígbá irin sì ń jáde nísàlẹ̀, ó ṣeé ṣe kí bẹ́árìnnì ti jẹ. Ìgbà yẹn ni títú ẹ́ńjìnnì kàn.

Àwọn kan máa ń da ọ́ìlì tó ki jù sí i kí iná lè kú. Ìyẹn kò wo àìsàn sàn, ó kàn ń bò ó mọ́lẹ̀ ni.

Nígbà ọyẹ́, tí eruku pọ̀ lójú ọ̀nà oko, kí wọ́n máa nu fílítà afẹ́fẹ́ déédéé, nítorí eruku tó bá wọlé ń jẹ irin. Yíyẹ ọ́ìlì wò láràárọ̀ kí wọ́n tó di ẹrù kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ, kò sì ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.