Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ agbẹ̀bí: Ìwé ẹ̀rí nìkan kò lè gba ẹ̀mí ọmọ tuntun là

Òṣìṣẹ́ ìlera lè gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́, kí ó yege nínú ìdánwò, síbẹ̀ kí ọ̀nà tó ń gbà ṣiṣẹ́ ní yàrá ìgbẹ̀bí má yí padà. Èyí ni àwọn olùwádìí rí ní ilé ìwòsàn Haydom, tó wà ní ìgbèríko kan ní àríwá orílẹ̀-èdè Tanzania. Ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà sì jẹ́ ẹ̀kọ́ fún gbogbo ẹni tó ń ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera.

Orúkọ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà ni Helping Babies Breathe, èyí tó túmọ̀ sí ríran ọmọ lọ́wọ́ láti mí. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé nílẹ̀ Amẹ́ríkà, American Academy of Pediatrics, ló gbé e kalẹ̀ lọ́dún 2010 pẹ̀lú àwọn alájọṣe rẹ̀. Wọ́n ṣe é fún àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí dókítà kò ti pọ̀, tí ohun èlò kò sì tó.

Nínú ọmọ mẹ́wàá tí a bá bí, bí ẹyọ kan ló máa ń nílò ìrànlọ́wọ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í mí. Fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, kí a fi aṣọ gbígbẹ nu ara wọn, kí a sì fi ọwọ́ ra ẹ̀yìn wọn ti tó. Àwọn díẹ̀ ni a ní láti fi báàgì àti ìbòmú fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró wọn. Àwọn tó nílò ìtọ́jú tó ju èyí lọ kò pé ọ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún.

Ibi tí iṣẹ́ yóò parí sí ni àwọn tó ṣètò ẹ̀kọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ bèèrè ohun tí ọwọ́ agbẹ̀bí gbọ́dọ̀ ṣe láàárín ìṣẹ́jú kan péré lẹ́yìn tí a bí ọmọ, èyí tí wọ́n pè ní ìṣẹ́jú oníwúrà. Kí ìṣẹ́jú náà tó pé, ọmọ gbọ́dọ̀ máa mí fúnra rẹ̀, tàbí kí agbẹ̀bí ti máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Wọ́n yọ ẹ̀kọ́ nípa oògùn àti títi rọ́bà bọ ọ̀nà ọ̀fun kúrò, nítorí a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa lápálápá.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tó yan ohun èlò ìkọ́ni. Àwòrán ló gba ipò ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀. Wọ́n ya ìlànà iṣẹ́ náà sí ara ìwé ńlá kan tí a lè lẹ̀ mọ́ ògiri. Wọ́n tún ṣe ọmọlangidi tí a lè rọ omi sí kí ó lè wúwo bí ọmọ tuntun. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ṣe é ní méjì-méjì: ọ̀kan yóò jẹ́ agbẹ̀bí, èkejì yóò máa tẹ ọmọlangidi náà kí àyà rẹ̀ lè máa wú bí ẹni tó ń mí, kí ìwọ́ rẹ̀ sì máa lù.

Nígbà tí wọ́n dán ẹ̀kọ́ náà wò ní Kenya àti Pakistan, ìmọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn kò tíì mọ báàgì náà lò dáadáa. Irú ìṣòro yìí ló yọjú ní Haydom. Wọ́n ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ kan níbẹ̀ lọ́dún 2010. Ní oṣù méje lẹ́yìn rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ṣe dáadáa ju ti àtẹ̀yìnwá lọ lórí ọmọlangidi, ṣùgbọ́n ìtọ́jú tí wọ́n ń ṣe fún ọmọ gidi kò yàtọ̀.

Lọ́dún 2011, wọ́n yí ètò padà. Wọ́n gbé ọmọlangidi sí ibi iṣẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń fi ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún dánra wò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Iye ọmọ tó ń kú láàárín wákàtí 24 lẹ́yìn ìbí dín kù láti 11.1 nínú 1,000 sí 7.2. Ilé ìwòsàn kan ṣoṣo ni, ọdún kan ni wọ́n sì fi wé èkejì, nítorí náà a kò lè sọ pé ìdánrawò yìí nìkan ló fà á. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n tún ẹ̀kọ́ náà ṣe lọ́dún 2016, wọ́n túbọ̀ tẹnu mọ́ ìdánrawò lẹ́yìn ìdánilẹ́kọ̀ọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Nàìjíríà gbọ̀ngbọ̀n. Ìwádìí ìjọba lórí ètò ìlera lọ́dún 2018 fi hàn pé nínú 1,000 ọmọ tí a bí láàyè, 39 ló ń kú kí wọ́n tó pé oṣù kan, àìlèmí nígbà ìbí sì wà lára ohun tó ń fà á. Ẹni tó bá fẹ́ ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn agbẹ̀bí ní láti bèèrè ohun tí ọwọ́ wọn yóò ṣe, bí a ó ṣe dán an wò níbi iṣẹ́, àti ẹni tí yóò máa bójú tó ìdánrawò wọn nígbà tí olùkọ́ bá ti lọ.

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ọmọlangidi kan, báàgì kan, àti nọ́ọ̀sì kan tí yóò máa pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ fún ìṣẹ́jú márùn-ún lọ́sẹ̀ kò kọjá agbára ilé ìwòsàn alábọ́dé.